Káríà Lọ, Ihò Kù

Ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì ni ti òní, ṣùgbọ́n ẹ̀yin onímọ́tò gan-an ni mò ń bá wí, nítorí pé iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń rò pé kò tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ pe ẹnikẹ́ni. A fẹ́ tú káríà, tàbí irin gígùn ẹ̀gbẹ́ òrùlé, tàbí áńtẹ́nà, kúrò lórí wágọ́ọ̀nù tó ti dàgbà.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí. Títú u kọ́ ni iṣẹ́. Dídí ihò tó bá fi sílẹ̀ ni iṣẹ́. Ẹni tí kò bá tíì mọ ohun tí yóò fi dí ihò, kó má tíì mú sípánà dání.

Orí ọkọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1968 ni Peugeot 504 jáde nílẹ̀ Faransé, òun ni wọ́n sì fi jẹ ọkọ̀ tó ta yọ jù ní Yúróòpù fún ọdún 1969. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 1975, ilé iṣẹ́ Peugeot tó wà ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò pọ̀ níbí, 504 sì wà lára ohun tó mú orúkọ ilé iṣẹ́ náà kárí ilẹ̀ yìí. Wágọ́ọ̀nù rẹ̀ tó ní ìjókòó ìlà mẹ́ta ló jọba ní gáréèjì wa, láti Èkó dé Ìbàdàn, láti Ìbàdàn dé Ìlọrin. Èèyàn méje ni àwọn Faransé ṣírò fún un. Àwa náà mọ iye tí à ń kó sí i. Ẹrù tí inú ọkọ̀ kò bá gbà mọ́, òkè ló ń lọ: iṣu, àpò gaàrí, bẹ́ẹ̀dì, kẹ̀kẹ́, adìyẹ inú àgò, nígbà mìíràn ewúrẹ́ tó ń wo ojú ọ̀nà ju dírẹ́bà lọ. Kò sí 504 wágọ́ọ̀nù èrò tí kò ní káríà.

Etí òrùlé 504 ní gọ́tà, ìyẹn irin tóóró tó tẹ̀ sókè níbi tí irin òrùlé àti irin ẹ̀gbẹ́ ti pàdé. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ káríà ń gbá mú, pẹ̀lú ìkọ́ àti bóòtì. Káríà bẹ́ẹ̀ kò lu òrùlé rárá, ohun tó sì ń tan èèyàn jẹ nìyẹn. Ẹni tó bá tú u a mí kanlẹ̀, a ní òun bọ́. Kó wo abẹ́ ẹsẹ̀ káríà náà ná. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni irin ti ń yún irin níbẹ̀. Ọ̀dà ti bó, ewé àti erùpẹ̀ ti kún gọ́tà, omi tó yẹ kó ṣàn kọjá ti ń dúró, irin ti dógùn-ún. Bẹ́ẹ̀, inú gọ́tà yẹn gan-an ni ojú ìpàdé irin méjèèjì wà, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dí ní fáktírì. Bí gọ́ọ̀mù yẹn bá là, omi yóò gba ibẹ̀ wọ inú òpó ọkọ̀, yóò sọ̀kalẹ̀ sí abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì láìkan aṣọ òrùlé. Òrùlé gbẹ, ilẹ̀ ọkọ̀ ń rà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti lẹ ilẹ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, tí wọn kò wo òkè rí.

Ti àwọn wẹ́dà wa tún wà. Ẹlòmíràn nínú wọn kò ní sùúrù fún ìkọ́ àti bóòtì. Ó jó ẹsẹ̀ káríà mọ́ gọ́tà, ó gbowó rẹ̀, ó lọ. Irú èyí kò ṣeé tú, àfi ká gé e. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀rọ tó ń gé irin sún mọ́ òrùlé láìfi aṣọ tútù tó nípọn bo gíláàsì àti àwọn ìlẹ̀kùn. Iná wẹ́wẹ́ tó ń ta jáde lára irin máa ń jó wọ ojú gíláàsì, àpá rẹ̀ kì í sì í ṣeé nù kúrò. Kí ẹni tó ń gé e fi díẹ̀ sílẹ̀ lára ẹsẹ̀ káríà náà, kó wá fi fáìlì ha ìyókù títí yóò fi bá gọ́tà dọ́gba. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ gé e mọ́lẹ̀ pátá ni yóò gé gọ́tà mọ́ ọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an ni orí àwọn wágọ́ọ̀nù tòkunbọ̀: Volvo, Mercedes, Passat, Opel àti àwọn Toyota. Láti nǹkan bí ọdún 1980 ni àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú gọ́tà kúrò létí òrùlé, kí afẹ́fẹ́ lè máa yọ̀ kọjá. Káríà kò wá níbi tí yóò gbá mú mọ́. Ohun tí wọ́n ṣe lórí ọ̀pọ̀ wágọ́ọ̀nù ni pé wọ́n lu òrùlé ní fáktírì, wọ́n sì de irin gígùn méjì mọ́ ọn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Irin kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ mélòó kan, bóòtì sì gba inú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wọlé. Ẹni tó bá tú méjèèjì lè bá ihò mẹ́fà, mẹ́jọ, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pàdé. Wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kì í wọ ibẹ̀. Òrùlé irú ọkọ̀ yìí ti lanu láti fáktírì. Rọ́bà pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ irin ló ń pa ẹnu náà dé, rọ́bà sì nìyẹn, oòrùn wa kì í bá a ṣeré.

Kí ló wá ń mú èèyàn tú u? Ẹlòmíràn fẹ́ kun ọkọ̀ rẹ̀ lọ́tun. Ẹlòmíràn, omi ti ń jò gba abẹ́ ẹsẹ̀ irin. Ẹlòmíràn, ariwo tí káríà ń pa lójú ọ̀nà márosẹ̀ ti sú u. Epo tún ń kọ́? Àwọn àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ epo ọkọ̀ sọ pé àpótí ẹrù ńlá tí a gbé sórí òrùlé lè jẹ nǹkan bí ìdá 2 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún lára ìrìn tí epo yẹ kó gbé ọkọ̀ láàrin ìlú, àti ìdá 10 sí 25 bí eré bá wọ kìlómítà 105 sí 120 ní wákàtí kan. Àpótí nìyẹn o. Irin gígùn méjì tó lẹ̀ mọ́ òrùlé kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Káríà gàgàrà tó ń jẹ afẹ́fẹ́ lófìfo, ẹ tú u, ẹ ó rí i lára epo. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ tú irin ẹ̀gbẹ́ òrùlé tí kò jò, nítorí pé ojú rẹ̀ kò fẹ́ rí i mọ́, mo bẹ̀ ẹ́, fi sílẹ̀. Ihò mẹ́jọ kì í ṣe ẹwà.

Ó dáa. Ẹ ti pinnu pé ẹ ó tú u. Inú ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀, kì í ṣe orí rẹ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yẹ aṣọ òrùlé wò káàkiri; ibi tó bá tutù, tàbí tó ní àbàwọ́n bíi tíì, omi ti dé ibẹ̀ rí. Ẹ má sì gbà pé ibi tó ń kán ni ihò wà. Omi a máa rin abẹ́ irin lọ jìnnà kó tó kán: ọkọ̀ tí ẹ bá gbé sí ibi tó dagun síwájú, omi lè wọlé lẹ́yìn, kó sì kán sẹ́sẹ̀ dírẹ́bà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fọ orí ọkọ̀ mọ́ tónítóní, pàápàá yíká ẹsẹ̀ irin, nítorí pé iyanrìn tó wà níbẹ̀ ni yóò ha ọ̀dà nígbà tí ẹ bá ń gbé e. Orí bóòtì lè má hàn. Ìdérí rọ́bà tàbí ike pẹlẹbẹ ló sábà máa ń bò ó. Ike ọkọ̀ tó ti pẹ́ nínú oòrùn máa ń gan, kí àárọ̀ kùtùkùtù sì má jẹ́ àkókò tí ẹ ó ṣí i. Ẹ dúró kí oòrùn ọ̀sán mú un rọ̀ díẹ̀, kí ẹ wá fi igi pẹlẹbẹ tàbí ike gbé e, kì í ṣe irin. Ìdérí tó bá ṣẹ́, ẹ ó wá a títí ní ọjà Ládípọ̀, ẹ lè má rí irú rẹ̀ mọ́.

Bóòtì wá nìyí. Èyí tí ara rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 6, sípánà 10 ló sábà ń tú u. Ti mílímítà 8, sípánà 13 ni lórí ọkọ̀ Yúróòpù, 12 lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Japan. Àwọn mìíràn ní ihò oníràwọ̀ ẹnu mẹ́fà lórí, irin tirẹ̀ gan-an ni kí ẹ sì wá. Ẹni tó bá fi èyí tó jọ ọ́ tú u yóò bó ihò náà, iṣẹ́ wákàtí kan yóò wá di ti ọjọ́ méjì. Sípánà olórùka ni kí ẹ lò, èyí tó dì mọ́ orí bóòtì yíká, kì í ṣe ẹlẹ́nu ṣíṣí.

Bí kò bá mì, ẹ má bínú sí i. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, alumíníọ̀mù ni ẹsẹ̀ irin, irin gidi sì ni bóòtì. Bí méjèèjì bá fara kanra tí omi wà láàrin wọn, alumíníọ̀mù ni yóò máa jẹ, yóò di ìyẹ̀fun funfun. Ìyẹ̀fun náà máa ń gba àyè ju alumíníọ̀mù tó ti ara rẹ̀ jáde lọ, òun ló ń há bóòtì mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí agbára nìkan kò fi ràn án. Lẹ́bàá òkun, bí Lẹ́kì tàbí Bàdágìrì, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ń mú un yá kánkán sí i. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà gbá ojú bóòtì, ẹ wọ́n WD-40 tàbí epo mìíràn tó ń wọ inú irin sí i, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ tún un wọ́n. Nígbà tí ẹ bá wá mú sípánà, ẹ kọ́kọ́ fún un pọ̀ díẹ̀ bíńtín, kí ẹ tó yí i sí ọ̀nà ìtú. Tó bá ti mì, ẹ má fà á jáde lọ́wọ́ kan; ẹ yí i jáde díẹ̀, ẹ dá a padà, ẹ tún yí i jáde. Ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì tó bá ní kí a yọ iná sí i, ẹ rán an létí pé aṣọ àti fóòmù ló wà ní abẹ́ irin tí kò nípọn tó mílímítà kan yẹn.

Wàhálà kan wà tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ dáadáa: bóòtì ń yí, ṣùgbọ́n kò jáde. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n há mọ́ inú òrùlé ti já níbẹ̀, ó ń bá bóòtì yí. Kò sí bí a ṣe lè ṣe é láti òkè mọ́. A ó wọ inú ọkọ̀, a ó sọ etí aṣọ òrùlé kalẹ̀, ẹnì kan yóò fi ẹ̀mú di nọ́ọ̀tì mú nínú, ẹnì kejì yóò tú u lókè. Lórí ọkọ̀ mìíràn pàápàá, inú ni nọ́ọ̀tì wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí aṣọ òrùlé tó lè sọ̀kalẹ̀, a ní láti tú ìdìmú ọwọ́, ìbòjú oòrùn, iná òkè àti rọ́bà ẹnu ìlẹ̀kùn. Aṣọ òrùlé ọkọ̀ àtijọ́ máa ń so mọ́ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́. Ti àwọn tó tẹ̀ lé wọn jẹ́ pátákó fẹ́lẹ́ tí a fi aṣọ bò, tó bá ti ká lẹ́ẹ̀kan, ojú ká yẹn kò ní lọ mọ́. Etí rẹ̀ nìkan ni kí ẹ sọ̀kalẹ̀, ìwọ̀n tí ọwọ́ yóò fi wọlé.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ dúró nìyí. Ọdún 1998 ni Volvo mú ẹ́ábáàgì tó ń já wálẹ̀ bíi kọ́tìnì láti etí òrùlé jáde, àwọn ilé iṣẹ́ yòókù náà sì ṣe tiwọn. Wágọ́ọ̀nù tòkunbọ̀ tó bá jẹ́ ti ọdún 2000 lọ sókè, ó ṣeé ṣe kí èyí wà ní etí òrùlé gan-an níbi tí ẹ fẹ́ ti ọwọ́ bọ̀. Bí ẹ bá rí àmì AIRBAG lára òpó ọkọ̀ nínú, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Òun náà gbọ́dọ̀ yọ okùn nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, kó sì dúró kí iná tó ṣẹ́ kù fi tán kó tó fọwọ́ kàn án. Èmi kì í bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà lórí èyí.

Áńtẹ́nà kò nira. Nọ́ọ̀tì kan ló sábà ń dì í mú lábẹ́. Kí ẹ tó fa wáyà rẹ̀ jáde nínú òpó, ẹ so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ìdí wáyà náà kí okùn lè tẹ̀ lé e; lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi òmíràn sí i, okùn yẹn ni yóò mú un wọlé.

Ẹni méjì ni kó gbé irin tàbí káríà sọ̀kalẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí wọ́n gbé e sókè gangan, kí wọ́n má wọ́ ọ. Kí ẹnikẹ́ni má gun orí òrùlé. Kò lè gbé ẹsẹ̀ èèyàn láìwọ̀lẹ̀.

Àwọ̀ tí ẹ ó rí lábẹ́ ẹsẹ̀ irin yóò yà yín lẹ́nu: bí ọ̀dà ọkọ̀ náà ti rí lọ́jọ́ tó jáde ní fáktírì nìyẹn, ìyókù ti ṣá. Kò sí pólíìṣì tó lè mú méjèèjì dọ́gba pátápátá. Ṣùgbọ́n ìpẹtà ni kó jẹ yín lógún. Ẹ fi sáńpépà ha á títí irin yóò fi funfun. Ibi tí sáńpépà kò bá dé, ẹ lo omi ásíìdì ìpẹtà, èyí tó ń sọ ìpẹtà di dúdú, bí wọ́n bá ṣe kọ ọ́ sára ike rẹ̀ ni kí ẹ ṣe é. Kí ó gbẹ. Puráímà ló kàn. Kí ó gbẹ. Ọ̀dà ló tẹ̀ lé e. Ẹ má gbàgbé ẹnu ihò fúnra rẹ̀, etí tó mú yẹn ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ ṣe gbogbo èyí, bí ọyẹ́ kò bá gbé eruku púpọ̀, nítorí pé eruku ọyẹ́ fẹ́ràn ọ̀dà tútù.

Kí ni a ó wá fi dí ihò? Ohun tí mò ń rí ní ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ni pé pánẹ́ẹ̀lì bítà yóò ki bébà tàbí nẹ́ẹ̀tì bọ ihò, yóò fi bọ́dì fíìlà rẹ́ ojú rẹ̀, yóò kùn ún, yóò sì dán gbinrin. Ẹ má gbà á. Fíìlà ń fa omi mọ́ra. Bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n lójú ọ̀nà wa, yóò là yíká, omi yóò wọ abẹ́ rẹ̀, ìpẹtà yóò jẹ irin láti inú, ẹ kò sì ní mọ̀ títí ọ̀dà yóò fi wú. Sílíkọ́ọ̀nù tó máa ń ta òórùn kíkan sí imú náà kò dára níbẹ̀: ásíìdì tó ń jáde lára rẹ̀ ń jẹ irin, ọ̀dà kì í sì í mú lórí sílíkọ́ọ̀nù.

Jíjó o pa pẹ̀lú irin ni ó pẹ́ jù, bí wẹ́dà bá gbọ́n. Irin òrùlé fẹ́lẹ́, ó sì gbòòrò. Ooru díẹ̀ ni yóò mú un rún. Kí wẹ́dà máa jó o ní kínńkín, kí ó dúró kó tutù, kí aṣọ tútù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí aṣọ òrùlé sì ti kúrò nínú ọkọ̀ pátápátá, kì í ṣe etí rẹ̀ nìkan. Bátìrì náà gbọ́dọ̀ ti yọ. Bí ẹ kò bá ní irú wẹ́dà bẹ́ẹ̀, ìdérí rọ́bà tó ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ihò, tí a fi gọ́ọ̀mù dúdú tí wọ́n ń lò fún gíláàsì iwájú ọkọ̀ yí ẹnu rẹ̀ ká, sàn ju iṣẹ́ wẹ́dà tó ń kánjú lọ fíìfíì. Kò rẹwà. Kò sì ní jò.

Ẹ má dá aṣọ òrùlé padà láìdán omi wò. Ẹ gbé ẹnì kan sínú ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó wà níta yóò da omi láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: ẹsẹ̀ fèrèsé ni yóò kọ́kọ́ dà á sí, yóò dúró díẹ̀, yóò bọ́ sí etí òrùlé, yóò dúró, kó tó kan ojú ihò. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, omi yóò kan gbogbo ibi lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni inú ọkọ̀ kò sì ní mọ èyí tó ń jò.

Irin tí ẹ tú, ẹ má jù ú fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ẹ kó bóòtì rẹ̀ sínú ọ̀rá, ẹ so ó mọ́ ọn lára. Ẹni tí yóò ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ yín lè fẹ́ ẹ.

Bí ẹ bá sì wà lójú ọjà láti ra wágọ́ọ̀nù tòkunbọ̀ tí òrùlé rẹ̀ mọ́ tónítóní láìní irin kankan, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní, ẹ wá òòfà kékeré, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé e, ẹ fi rọra yẹ etí òrùlé wò lọ́tùn-ún àti lósì. Òòfà kì í dì mọ́ fíìlà. Ibi tó bá ti já bọ́, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ sókè kí ẹ tó dá owó kankan lé e.